Bí owó àti àyè kò bá tó, ìgbà wo ni aboyún kò gbọdọ̀ má lọ ṣe àyẹ̀wò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Àbúrò mi obìnrin lóyún, ó ti ń lọ sí oṣù mẹ́ta, kò sì tíì forúkọ sílẹ̀ níbikíbi. Iṣẹ́ ojúmọ́ ló ń ṣe. Ọjọ́ tí kò bá lọ, kò sówó. Ó ní ó di oṣù keje kí òun tó lọ. Àwọn ará ilé ní ọ̀lẹ ló ń ṣe é, torí ọ̀fẹ́ ni ìtọ́jú náà. Tó bá jẹ́ ìgbà díẹ̀ ló máa ráyè lọ, èwo ni kò gbọdọ̀ fi ṣeré?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn àbúrò yín. Kó lọ lọ́sẹ̀ yìí. Nínú gbogbo àyẹ̀wò aboyún, àkọ́kọ́ ni mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni sún síwájú. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń rí níbẹ̀ ló jẹ́ pé oògùn díẹ̀ máa kápá rẹ̀ tí wọ́n bá tètè rí i.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò bá tó, oògùn ẹ̀jẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ lóòjọ́, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń gbà. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lóṣù keje lè dé orí ìkúnlẹ̀ láìtíì ní ẹ̀jẹ̀ tó tó, tó bá wá ṣẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu. Nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbà yẹn náà ni wọ́n ti ń wo HIV àti syphilis, àrùn kan tí wọ́n ń kó nípa ìbálòpọ̀. Abẹ́rẹ́ penicillin ń wo syphilis sàn, ó sì ń gba ọmọ inú là, àmọ́ bí ìyá bá ṣe tètè gbà á ló ṣe máa ń ṣiṣẹ́ sí. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ó sábà máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ ní ìdajì oyún. Ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru kó tó lóyún lè dà bí ẹni tí ara rẹ̀ le koko tó bá jẹ́ oṣù karùn-ún ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n.

Láti ọdún 2016, ìgbà 8 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí aboyún rí oníṣègùn tàbí agbẹ̀bí: àkọ́kọ́ kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 12, lẹ́yìn náà ọ̀sẹ̀ 20, 26, 30, 34, 36, 38 àti 40. Ìgbà 4 ni wọ́n ń sọ tẹ́lẹ̀. Ẹ rí i pé 5 nínú 8 yìí ló bọ́ sí apá ìparí. Ìdí ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún, èyí tó lè di gìrì, sábà máa ń yọjú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, obìnrin náà sì lè má mọ nǹkan kan lára. Nítorí náà, tó bá di dandan kó pa ọjọ́ kan jẹ, kó má jẹ́ ti ìparí.

Ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ yẹn dùn mí. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n kọ sára ògiri lóòótọ́, àmọ́ owó ọkọ̀ kì í ṣe ọ̀fẹ́, owó iṣẹ́ ọjọ́ kan kì í ṣe ọ̀fẹ́, níbi púpọ̀, wọ́n ṣì ń gbowó àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti sikáànù lọ́tọ̀. Akọ̀wé tó ń gba owó oṣù lè jókòó sórí ìlà di ọ̀sán kí owó rẹ̀ má dín. Àbúrò yín kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, òfin fún aboyún láyè láti kúrò níbi iṣẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò, ṣùgbọ́n alágbàṣe ojúmọ́ kì í sábà sí lábẹ́ òfin bẹ́ẹ̀. Julian Tudor Hart, dókítà ará Britain, ti kọ ọ́ ní 1971 pé ibi tí wọ́n ti nílò ìtọ́jú gidi jù ló ti máa ń ṣọ̀wọ́n jù. Kì í sì í ṣe owó nìkan. Ní Amẹ́ríkà, ikú tó jẹ mọ́ oyún ń pa obìnrin aláwọ̀ dúdú tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta ti aláwọ̀ funfun, àwọn tó kàwé dáadáa láàárín wọn kò sì yọ sílẹ̀. Bí àwọn oníṣègùn ṣe ń fetí sí aláìsàn wà lára ohun tó ń fà á. Mo mọ̀ pé obìnrin tí wọ́n bá jágbe mọ́ lẹ́ẹ̀kan lójú èrò lè má padà wá mọ́.

Torí náà, ẹ bá a lọ, tàbí kí ẹ wá ẹni tó lè bá a lọ. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ bèèrè ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n ń gba aboyún, kó má baà pàdánù ọjọ́ iṣẹ́ lásán. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì láìfi pamọ́ pé iṣẹ́ ojúmọ́ ló ń ṣe, kí wọ́n bá a gba ẹ̀jẹ̀, wo ìtọ̀, kí wọ́n sì wọn ìfúnpá rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Tí owó àyẹ̀wò kò bá pé, ẹ bèèrè bóyá ètò ìdáríjì owó wà, kí ẹ sì béèrè èyí tí kò ṣeé fi falẹ̀. Kó máa mú káàdì rẹ̀ dání níbikíbi tó bá ń lọ.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ àyẹ̀wò: orí fífọ́ tí kò lọ, ojú tó ń ṣú, ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì, ẹ̀jẹ̀ tàbí omi tó ń jáde lójú ara, ibà, ọmọ tí kò yí mọ́ bó ṣe ń yí. Lọ́sàn-án lóru, kó lọ, ìbáà ti forúkọ sílẹ̀ tàbí kò tíì ṣe é. Ẹ tètè bá awakọ̀ kan sọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì ya owó ọkọ̀ yẹn sọ́tọ̀ láti báyìí.