Ìtají nínú ẹ̀sìn Búdà: ṣé òun náà ni ojú inú tiwa?

Àbúrò mi kan tó ń kàwé ní OAU n'Ílé-Ifẹ̀ níbí ló bi mí pé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, enlightenment táwọn Buddhist máa ń sọ yẹn, kí ni gan-an? Ṣé bí òrìṣà ṣe ń gun èèyàn ni, àbí ojú inú táwọn babaláwo ní náà ni? Ẹnì kan wà lórí YouTube tó ní tí mo bá sanwó kíláàsì òun, ọjọ́ 21 péré ni màá fi jí." Ìbéèrè tó dáa ni, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ràn sì ni, jẹ́ kí n dá ẹ lóhùn dáadáa.

Ìtají, ìyẹn enlightenment tó ò ń bi mí yẹn, kì í ṣe gígùn o. Tí Ṣàngó bá gun ẹlẹ́gùn, ẹlòmíì ló wọ̀ ọ́ lára, tó bá sì yá, ẹni tí wọ́n gùn lè má rántí nǹkan tó ṣe. Nínú ti Búdà, kò sẹ́ni tó wọ ẹnikẹ́ni lára, kò sí òrìṣà tó sọ̀ kalẹ̀, kò sí áńgẹ́lì tó jíṣẹ́, ọkàn onítọ̀hún ló mọ́ kedere tó wá rí ayé bó ṣe rí gan-an. Búdà fúnra ẹ̀ èèyàn ni. Siddhartha Gautama lorúkọ ẹ̀, Búdà tí wọ́n ń pè é, "ẹni tó ti jí" ni. Lumbini ni wọ́n bí i sí, ní ilẹ̀ Nepal òde òní, inú ọlá ló dàgbà sí, ó níyàwó, ó bímọ ọkùnrin kan, nígbà tó di ọmọ ọdún 29 ló fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ tó gba inú igbó lọ.

Kí ló ń sá fún? Ibí ni kó o ti fara balẹ̀, torí tí o ò bá mọ nǹkan tó ń sá fún, ìtají ò lè yé ẹ láéláé. Ó ń sá fún ogbó, àìsàn àti ikú, àmọ́ kì í ṣe ikú ẹ̀ẹ̀kan. Àwọn ará Íńdíà ìgbà yẹn gbà pé téèyàn bá kú á tún padà wá, àwa náà ṣáà gbà bẹ́ẹ̀. Wá wo ìyàtọ̀ ẹ̀. N'Ífẹ̀ níbí, tí bàbá àgbà bá kú tí wọ́n wá bí ọmọ ọkùnrin sínú ilé lẹ́yìn ẹ̀, ayọ̀ ni, Babátúndé dé! Tó bá jẹ́ ìyá ló kú tí wọ́n bí obìnrin, Yétúndé, Ìyábọ̀. Kódà níbi òkú la ti máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tètè wá yà lọ́dọ̀ wa. Lójú tiwa, kéèyàn padà sínú ìdílé ẹ̀, oore ńlá ni. Lójú Búdà, ìpadàwá yẹn gan-an ni wàhálà. Samsara ni wọ́n ń pè é, bíbí kíkú, bíbí kíkú, kò sẹ́ni tó lè rí ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kò sì dájú pé ilé yín lo máa padà sí, o lè ya ẹranko, o lè bọ́ sí ọ̀run àpáàdì, o tiẹ̀ lè lọ yà láàárín àwọn òrìṣà. Àwa ní ayé lọjà, ọ̀run nilé. Nínú ẹ̀kọ́ Búdà, ọ̀run náà ọjà ni! Ẹ̀mí àwọn òrìṣà tó wà níbẹ̀ gùn gan-an àmọ́ wọ́n ń kú, tí ire tó gbé wọn débẹ̀ bá ti tán, wọ́n á tún já bọ́. Ìdí nìyẹn tí kò fi wá ọ̀run, tí kò sì wá bó ṣe máa di òrìṣà. Bó ṣe máa bọ́ lọ́wọ́ àlọ àti àbọ̀ yẹn ló ń wá.

Ọdún mẹ́fà ló fi wá a. Ó kọ́kọ́ lọ bá olùkọ́ méjì, Alara Kalama àti Uddaka Ramaputta, wọ́n kọ́ ọ béèyàn ṣe ń kó ọkàn jọ títí á fi pa rọ́rọ́, ó mọ̀ ọ́n, ó sì rí i pé ìyẹn nìkan ò yanjú ẹ̀. Ó wá ń febi pa ara ẹ̀, débi pé tó bá fọwọ́ kan ikùn, eegun ẹ̀yìn ni ọwọ́ ẹ̀ ń bà. Ìyẹn náà ò gbè é. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Sujata wá gbé ìrẹsì tí wọ́n fi mílíìkì sè fún un, ó jẹ ẹ́, ara ẹ̀ mókun, ó lọ jókòó sábẹ́ igi kan níbi tí wọ́n ń pè ní Bodh Gaya lónìí, ní Íńdíà (ìdílé kan náà ni igi ọ̀hún àti igi ọdán tiwa). Nígbà tílẹ̀ ṣú, ó rántí àwọn ayé tó ti wá sẹ́yìn, ọ̀kan, méjì, ọgọ́rùn-ún, ẹgbẹ̀rún, orúkọ tó jẹ́, oúnjẹ tó jẹ, bó ṣe kú. Lóru ọ̀gànjọ́, ó rí àwọn ẹ̀dá yòókù tí wọ́n ń kú tí wọ́n ń padà wá, kálukú gẹ́gẹ́ bí ìwà ọwọ́ ẹ̀. Ìdájí ló wá rí èyí tó ṣe kókó jù, ìyẹn nǹkan tó ń dá èèyàn padà wá, àti bí nǹkan náà ṣe ń tán. Ọmọ ọdún 35 ni nígbà yẹn.

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ní ó tán, wọ́n máa ń pè é ní iná mẹ́ta: ojúkòkòrò, ìkórìíra, àti àìmọ̀kan. Kí iná yẹn kú pátá ni wọ́n ń pè ní Nirvana. Àwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ Nirvana bíi pé Párádísè kan wà níbì kan, mi ò fara mọ́ ọn rárá, torí ẹni tí iná ẹ̀ kú ṣì wà láyé, ó ṣì ń jẹun, ó ṣì ń sùn. Ọdún 45 ni Búdà tún fẹsẹ̀ rìn káàkiri tó ń kọ́ àwọn èèyàn, ẹ̀yìn máa ń ro ó nígbà tó darúgbó, oúnjẹ tí alágbẹ̀dẹ kan tó ń jẹ́ Cunda sè fún un ló jẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ ẹ̀jẹ̀, ẹni 80 ọdún ló kú.

Ó wá kan ojú inú. Babaláwo tó bá dá Ifá fún ẹ l'Ókè Ìtasẹ̀, orí ẹ ló ń bá ẹ wò, ìpín tó o kúnlẹ̀ yàn, kó lè mọ nǹkan tí o máa ṣe tí ayé ẹ á fi dáa. Ọ̀rúnmìlà ni ẹlẹ́rìí ìpín. Orí wà, tìẹ ni, kò sẹ́ni tó lè bá ẹ pín in. Búdà ní kó o wá nǹkan tó ò ń pè ní "èmi" wò nínú ara, nínú ìmọ̀lára, nínú èrò, pé o ò ní rí ẹyọ nǹkan kan níbẹ̀ tí kì í yí padà. Ó ní nǹkan tó ń ti èèyàn láti ayé kan bọ́ sí òmíì ni kamma, ìwà téèyàn mọ̀ọ́mọ̀ hù, kì í ṣe ìpín tó yàn lọ́run. Ìmọ̀ méjèèjì jinlẹ̀, àmọ́ ó máa ń dùn mí táwọn èèyàn bá ní ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀, ìyẹn ò bọ̀wọ̀ fún èyíkéyìí nínú wọn.

Ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ló ń dé ni àbí díẹ̀díẹ̀? Àwọn ẹ̀ka ẹ̀sìn Búdà ò fẹnu kò lórí ìyẹn. Àwọn Theravada tó wà ní Sri Lanka àti Thailand ní ìpele mẹ́rin ni, ẹni tó bá dé àkọ́kọ́, kò ní padà wáyé ju ẹ̀ẹ̀méje lọ mọ́. Àwọn Zen ní Japan ní èèyàn lè rí i lójijì. Àwọn Mahayana sì ń bọlá fún Bodhisattva, ẹni tó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní wá ìtají fún ara òun nìkan, àfi kóun lè fi yọ gbogbo ẹ̀dá. Èyí tó máa ń wú mi lórí jù ni ti Ananda, ìbátan Búdà, tó tẹ̀ lé e fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó há gbogbo ìwàásù ẹ̀ sórí, síbẹ̀ tí Búdà fi kú kò tíì jí. Nígbà tó yá, ó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe ìpàdé ńlá kan, àwọn tó ti jí nìkan ló yẹ kó wà níbẹ̀, ló bá ń tiraka títí ilẹ̀ fi fẹ́ mọ́. Nígbà tó sú u ó ní kóun sùn díẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti kúrò nílẹ̀, orí ẹ̀ ò tíì kan ìrọ̀rí, ibẹ̀ ló ti jí. Mọ́ńkì míì (ẹni tó fi ilé sílẹ̀ láti máa tẹ̀ lé Búdà) tó ń jẹ́ Sona, rírìn ló rìn títí ẹsẹ̀ ẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀, Búdà wá rán an létí ohun èlò orin olókùn tó máa ń ta tẹ́lẹ̀, pé tí okùn bá le jù kò ní dún dáadáa, tó bá dẹ̀ jù bákan náà. Onígángan èyíkéyìí tó ń lù ní Ẹnuwà á mọ nǹkan tó ń sọ, bó ṣe ń fún ọṣán náà ló ń tú u sílẹ̀.

Ní ti ẹni ọjọ́ 21 yẹn, má sanwó kankan. Òfin mẹ́rin ló wà tí mọ́ńkì bá rú ọ̀kan nínú wọn, á kúrò nínú ẹgbẹ́ títí ayé: ìbálòpọ̀, olè, ìpànìyàn, ìkẹrin ni kó mọ̀ọ́mọ̀ parọ́ pé òun ti dé ibi tí kò tíì dé. Kódà tó bá ti débẹ̀ lóòótọ́, kò gbọ́dọ̀ máa sọ ọ́ fún ẹni tí kì í ṣe ara wọn. Tó o bá fẹ́ tọ́ ọ wò, jókòó jẹ́ẹ́ láàárọ̀ kó o máa ṣọ́ èémí ẹ, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í náni ní kọ́bọ̀. Tí ọ̀rọ̀ "èmi" tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ò bá sì yé ẹ, pè mí, torí ibẹ̀ ló le jù nínú gbogbo ẹ̀.