Bàtà sìkí kì í ṣe aṣọ ọdún: ẹ má rà á tóbi fún ọmọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ìsinmi oṣù kejì, a fẹ́ kó àwọn ọmọ wa méjì, ọmọ ọdún 7 àti ọmọ ọdún 11, láti Manchester lọ sí Filzmoos ní Áústríà fún ọjọ́ mẹ́fà. Wọn ò ṣe sìkí, eré fífi pátákó yọ̀ lórí yìnyín, rí. Mo rí bàtà sìkí àlòkù lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ ra èyí tó fi sáìsì méjì ju ẹsẹ̀ wọn lọ kí wọ́n lè dàgbà bá a, kí n sì wọ ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún wọn nítorí òtútù. Ṣé kò sí ewu? Ṣé awọ dúdú sì nílò ìpara oòrùn nínú òtútù?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ má rà á. Òtútù tí ẹ ń sá fún gan-an ni bàtà ńlá pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò fà wá. “Á dàgbà bá a” dára fún aṣọ ọdún, ó dára fún yúnífọ́ọ̀mù ilé-ìwé. Fún bàtà sìkí, ó léwu, inú sì ń bí mi sí àwọn tó ń fi gbólóhùn yẹn ta àlòkù fún òbí tí kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí bàtà yìí ń ṣe. Èèpo rẹ̀ jẹ́ ike líle, bàtà rírọ̀ kan tó ṣeé yọ sì wà nínú rẹ̀. Ojúgun ni ọmọ fi ń ti iwájú bàtà, bàtà á ti pátákó sìkí, pátákó á yí. Bí àyè bá pọ̀ nínú bàtà, ẹsẹ̀ á yí lófo, gìgísẹ̀ á gbéra, pátákó ò sì ní gbọ́. Ẹ̀rù á ba ọmọ, á fì sẹ́yìn. Bó bá sì ti fì sẹ́yìn, ìwúwo rẹ̀ ti kúrò níwájú pátákó, níbi tí agbára láti yà àti láti dúró wà. Olùkọ́ á máa ní kó kó imú pátákó méjèèjì jọ, kó ya ìdí wọn, torí báyìí ni olùbẹ̀rẹ̀ ṣe ń dín eré kù. Ẹsẹ̀ tó ń yọ̀ kiri nínú bàtà ò lè ṣe é.

Ó ku ti òtútù. Ẹ̀jẹ̀ ló ń mú ẹsẹ̀ gbóná. Nígbà tí bàtà bá tú lẹ́sẹ̀ ọmọ, òbí á fa ìdè rẹ̀ le, ìdè á tẹ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó gba orí ẹsẹ̀ kọjá, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ìka dáadáa. Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta á ká jọ, á máa gún ọmọ, á mu òógùn, á tutù. Kó tó di ọ̀sán, ìka ẹsẹ̀ ti kú tipiri. Ìbọ̀sẹ̀ ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ó wọ̀: tín-ínrín, kó gùn dé abẹ́ orúnkún, kó jẹ́ ti irun àgùntàn tàbí irú èyí tí wọ́n ń ṣe fún eré ìdárayá. Kó má jẹ́ olówùú, nítorí òwú ń mu omi, kì í sì í tètè gbẹ. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò àwọ̀tẹ́lẹ̀ ò gbọdọ̀ wọ inú bàtà. Ẹ ká a kọjá ẹnu bàtà.

Bí a ṣe ń wọn ẹsẹ̀ nìyí. Kí ọmọ fi gìgísẹ̀ kan ògiri, kó gbé ara lé ẹsẹ̀ náà, kí ẹ wọ̀n ọ́n dé ìka tó gùn jù. Ẹ wọn méjèèjì, kí ẹ mú èyí tó gùn. Iye sẹ̀ǹtímítà yẹn ni sáìsì bàtà sìkí, òun ni wọ́n ń pè ní mondopoint: ẹsẹ̀ 20.5, bàtà 20.5. Èèpo 20 àti 20.5 kì í sábà yàtọ̀ síra. Lẹ́yìn èyí, ẹ yọ bàtà inú kúrò, kí ọmọ ti ẹsẹ̀ bọ èèpo lásán títí ìka yóò fi kan iwájú, kí ẹ wá wo ẹ̀yìn gìgísẹ̀. Àyè 1.5 sẹ̀ǹtímítà dára. 2 ṣì ṣeé gbà fún ọmọ tó ń dàgbà. Bó bá lé ní 2.5, ẹ dá a padà. Sáìsì méjì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹ fẹ́ fi kún un jẹ́ nǹkan bí 1.7 sẹ̀ǹtímítà, ẹ rò ó pọ̀ mọ́ 1.5, ó ti lé ní 3.

Tí ọmọ bá ń wọ̀ ọ́, kó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kó fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀ sẹ́yìn, kó tẹ orúnkún síwájú. Ẹ kọ́kọ́ di ìdè ọrùn ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ di ti orí ẹsẹ̀ ní ìwọ̀nba. Tó bá dúró ṣánṣán, ìka á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan iwájú. Tó bá tẹ orúnkún, ìka á fà sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ òbí ń sáré pààrọ̀ bàtà nígbà tí ọmọ bá ní “ìka mi kan iwájú”, láìtíì ní kó tẹ orúnkún. Ẹ di ẹsẹ̀ bàtà mú, kí ẹ ní kó gbé gìgísẹ̀: tó bá gbéra, bàtà náà tóbi.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni báíńdìn, irin tó di bàtà mọ́ pátákó, tó sì yẹ kó tú u sílẹ̀ bí ọmọ bá ṣubú. Ìwúwo ọmọ, gíga rẹ̀, ọjọ́ orí rẹ̀, bó ṣe mọ eré náà tó, àti gígùn àtẹ́lẹ̀ bàtà ní mìlímítà tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ bàtà, ni onímọ̀ẹ́rọ fi ń tò ó. Bàtà yí padà, ètò náà yí padà. Àtẹ́lẹ̀ àlòkù tó ti jẹ lè má jẹ́ kí báíńdìn tú lásìkò, egungun ẹsẹ̀ ló sì máa gbà á. N ò ní sọ nọ́ńbà tí ẹ máa tò ó sí fún yín níbí. Ẹni tó bá rí ọmọ àti bàtà lójúkojú ló yẹ kó tò ó.

Ẹ yá a. Filzmoos kéré, ó wà ní 1,057 mítà, ẹ sì lè yá gbogbo rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ lọ ní ìrọ̀lẹ́ ṣáájú ọjọ́ ẹ̀kọ́, ẹ mú ìbọ̀sẹ̀ tín-ínrín yẹn dání, kí ọmọ wọ bàtà fún ìṣẹ́jú 15 nínú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba pààrọ̀ ní ọjọ́ kejì; ọ̀pọ̀ wọn ń gbà á. Ní alẹ́, bàtà á sùn nínú ilé, ìdè rẹ̀ ní dídì, kó jìnnà sí iná.

Ní ìpínlẹ̀ Salzburg, níbi tí Filzmoos wà, òfin ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣe irun kí ẹ tó wọ̀n ọ́n. Ṣùkú máa ń gbé hẹ́límẹ́ẹ̀tì sókè, ìlẹ̀kẹ̀ sì lè gún orí tí ọmọ bá ṣubú. Ẹ di kọ̀lẹ̀ẹ́sẹ̀ pẹlẹbẹ.

Bẹ́ẹ̀ ni, awọ dúdú nílò ìpara. Yìnyín tuntun lè dá tó ìdá 80 nínú 100 ìtànṣán UV, ìtànṣán oòrùn tó ń jó awọ, padà sójú, agbára ìtànṣán náà sì ń fi bí ìdá 10 nínú 100 pọ̀ sí i ní gbogbo 1,000 mítà tí a bá gòkè. Ẹ fi ìpara tí wọ́n kọ SPF 30, ó kéré tán, sí lára pa wọ́n ní wákàtí méjì-méjì, dé abẹ́ àgbọ̀n àti ihò imú. Awọ dúdú kò sì lè gba ẹyinjú sílẹ̀: ẹ wọ gọ́gùsì tí wọ́n kọ UV400 sí lára, kódà bí ojú ọjọ́ bá ṣú. Ojú tí yìnyín bá jó lè má dun ọmọ títí di alẹ́, á wá dà bíi pé iyanrìn kó sí i. Ẹ má kán omi ọyàn tàbí omi ewé sí i. Dókítà ni kí ẹ wá.

Káàdì ìlera GHIC tí ẹ ń gbà ní Britain kì í san owó ìgbàlà lórí òkè, nítorí náà ẹ ra ìnṣọ́ránsì tó dárúkọ sìkí, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n yọ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Nọ́ńbà àwọn agbanilà lórí òkè ní Áústríà ni 140. Bí orúnkún ọmọ bá wú lẹ́yìn tó ṣubú, ẹ má jẹ́ kó tún gun pátákó lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ ní kò dun òun mọ́.