Ọmọ Mi Fẹ́ Máa Ṣèwádìí Àrùn Ọkàn: Kí Ni Yóò Kọ́?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ ìṣègùn, mo sì ń retí pé yóò máa tọ́jú aláìsàn, àmọ́ ó ní òun fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń wádìí ohun tó ń fa àrùn ọkàn láàrin ará ìlú àti bí a ṣe lè dènà rẹ̀. Ṣé iṣẹ́ dókítà ṣì nìyẹn? Kí ni wọn yóò kọ́ ọ?
Ìyá Dókítà, Òkè-Fìà, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, Mà. Iṣẹ́ dókítà ni pátápátá, epidemiology ni wọ́n ń pè é, gbogbo ìlú ni yóò sì máa yẹ̀ wò. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru láìmọ̀, tó ṣì ń ta gaàrí rẹ̀ ní Ọjà Ọba, kò sí nínú ìwé ilé ìwòsàn kankan. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi lọ sí Framingham ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1948, tí wọ́n kó ọkùnrin àti obìnrin 5,209 jọ, tí wọ́n sì ń yẹ̀ wọ́n wò léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ó fi hàn kedere pé ẹ̀jẹ̀ ríru, sìgá mímu àti kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù (ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀) tó pọ̀ jù ń ṣáájú àrùn ọkàn.

Kí ó tó kan ìṣirò rárá, yóò kọ́ bí a ṣe ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀: ẹni náà yóò ti sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún, yóò fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kanlẹ̀, apá rẹ̀ yóò wà ní ọ̀gangan ọkàn, kò sì ní sọ̀rọ̀. Bí a kò bá ṣe é báyìí, nọ́ńbà òkè ẹni tí ara rẹ̀ le lè ju 140 lọ, a ó sì rò pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kọ́ ọ láti padà sí ilé tí kò bá ẹnikẹ́ni, ẹ̀kọ́ yìí ni mo sì kà sí èyí tó ṣòro jù. Bí a bá ń kanlẹ̀kùn ní Ìgbọ̀nà lọ́sàn-án, arúgbó àti ẹni tí ara rẹ̀ kò dá la ó bá nílé, nítorí pé oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ti jáde. Iye tí a bá kà lọ́jọ́ náà kì í ṣe ti àdúgbò.

Lọ́dún 1968, ní Makarska ní Yugoslavia, àwọn dókítà olùwádìí àrùn ọkàn, Jeremiah Stamler, Geoffrey Rose àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àgbáyé fún irú àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí bẹ́ẹ̀. Rose yìí kan náà ló ṣàlàyé lọ́dún 1985 pé ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ewu wọn kéré lè mú aláìsàn jáde ju ìwọ̀nba àwọn tí ewu wọn pọ̀ lọ. Ẹ wo ọbẹ̀ wa: Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ iyọ̀ tó gíráàmù 5 lóòjọ́, bí ìwọ̀n ṣíbí kékeré kan. Bí gbogbo ilé ní Òṣogbo bá dín iyọ̀ àti magí kù díẹ̀, àǹfààní rẹ̀ lè ju kí a tọ́jú àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti ru gan-an nìkan.

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, kò sì jìnnà sí wa. Ẹ jẹ́ kó lọ, Mà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe é ṣì ń rí aláìsàn ní kílíníìkì wọn.