Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Wọ́n Fún Ní 3 Nínú 10: Ṣé Kí A Sá Fún Un?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Nọ́ọ̀sì ni mí, a sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kúrò ní Atlanta lọ sí ìgbèríko ní gúúsù Georgia nítorí iṣẹ́. Àwọn ìbejì wa yóò wọ kíláàsì kẹfà ní oṣù kẹjọ. Middle school (kíláàsì 6 sí 8) ti ìjọba kan ṣoṣo ni ó wà ní county (ìjọba ìbílẹ̀) yìí, GreatSchools, ojú òpó íntánẹ́ẹ̀tì tí ń fún ilé-ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ní máàkì, sì fún un ní 3 nínú 10. Mo rí i pé ọmọ aláwọ̀ dúdú àti ọmọ àwọn tí ó wá láti Mẹ́síkò ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n sì ka gbogbo wọn, 100%, sí tálákà. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ WhatsApp wa ní kí n san owó kí òun fi àdírẹ́sì ẹlòmíràn bá mi forúkọ wọn sílẹ̀ ní county kejì. Kí ni kí n ṣe? Èmi, Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ má san kọ́bọ̀ fún ẹni yẹn. Agbẹjọ́rò kọ́ ni mí, ìlànà county kan sì lè yàtọ̀ sí ti èkejì, ṣùgbọ́n ìwé tí ẹ óò buwọ́ lù láti fi ẹ̀rí ibùgbé hàn jẹ́ ìwé òfin. Bí àṣírí bá tú, wọ́n lè lé àwọn ọmọ kúrò láàárín ọdún, wọ́n lè ní kí ẹ san owó ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti jẹ, ó sì lè di ẹjọ́. Fún ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì parí, irọ́ bẹ́ẹ̀ léwu gidigidi. Inú ń bí mi sí àwọn tí ń fi ìbẹ̀rù òbí ṣòwò báyìí.

Ẹ jẹ́ kí a tún 100% yẹn wò, nítorí kò túmọ̀ sí ohun tí ẹ rò. Iye ọmọ tí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí oúnjẹ ọ̀fẹ́ ni wọ́n sábà fi ń ka tálákà ní ilé-ẹ̀kọ́. Òfin kan ti ọdún 2010 gba ilé-ẹ̀kọ́ láàyè láti fún gbogbo ọmọ ní oúnjẹ ọ̀fẹ́ bí iye àwọn tí ìdílé wọn ń gba ìrànwọ́ ìjọba bá ti tó ìpín kan. 40% ni ìpín náà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún 2023 wọ́n sọ ọ́ di 25%. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti wọ inú ètò náà, wọ́n lè kọ 100% sílẹ̀ fún un, títí kan ọmọ dókítà àti ọmọ nọ́ọ̀sì. Ní ti àwọ̀, àwọn ìbejì yín gan-an yóò wà ní abẹ́ orí ọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú nínú tábìlì yẹn, kí ni ìyẹn sì sọ nípa bí wọ́n ti ń ṣe ìṣirò? Ẹ rántí pẹ̀lú pé nígbà tí wọ́n fi ipá òfin pa ilé-ẹ̀kọ́ aláwọ̀ funfun àti ti aláwọ̀ dúdú pọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1970, ọ̀pọ̀ òbí aláwọ̀ funfun dá ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni tiwọn sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ṣì wà ní ìgbèríko títí di òní. Nítorí náà, àwọn tí ó wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba kì í sábà jọ àwọn tí ń gbé ìlú náà, ìtàn ni ó sì fà á.

Nọ́ńbà 3 yìí ni ó ń dà yín láàmú jù, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ dúró sí. Oríṣiríṣi nǹkan ni GreatSchools pa pọ̀ fi ṣe é, ṣùgbọ́n èsì ìdánwò ìpínlẹ̀ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀; ní Georgia, ìdánwò náà ni Milestones, tí àwọn ọmọ kíláàsì 3 sí 8 ń ṣe lọ́dọọdún nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò. Iye àwọn tí ó yege ń sọ ibi tí àwọn ọmọ dúró sí ní ọjọ́ ìdánwò. Kò sọ ibi tí olùkọ́ ti bá wọn. Nọ́ọ̀sì ni yín. Bí wọ́n bá gbé ọmọ wá tí ó fúyẹ́ ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, ẹ kò ní torí ìyẹn dá ìyá rẹ̀ lẹ́bi. Káàdì ìwọ̀n ni ẹ óò kọ́kọ́ béèrè, láti mọ̀ bóyá ìlà rẹ̀ ń gòkè. Ọmọ tí a bí kí oṣù rẹ̀ tó pé, tí ìlà rẹ̀ sì ń gòkè dáadáa, ní ìyá tí ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ tí a bí ní kílò mẹ́rin, tí ìlà rẹ̀ sì ti dúró láti oṣù mẹ́ta, ni ó yẹ kí ẹ pe dókítà fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní ilé-ẹ̀kọ́: ọmọ òṣìṣẹ́ oko àlùbọ́sà tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì 5 lè sún mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì 7, síbẹ̀ kí wọ́n ṣì kà á mọ́ àwọn tí kò yege. Sean Reardon, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Stanford, kó èsì ìdánwò láti district (agbègbè ìṣàkóso ilé-ẹ̀kọ́) tí ó lé ní 11,000 jọ. Ó rí i pé iye máàkì àwọn ọmọ bá owó tí ń wọlé fún òbí rìn pẹ́kípẹ́kí, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń tẹ̀síwájú láti kíláàsì kan sí èkejì kò fi bẹ́ẹ̀ bá a rìn. Ní Chicago, tí tálákà pọ̀ sí, ó rí i pé láàárín 2009 àti 2014, àwọn ọmọ kọ́ ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́fà láàárín ọdún márùn-ún.

Ohun mìíràn ni pé ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko máa ń kéré. Níbi tí 60 ọmọ bá wà ní kíláàsì 8, ọmọ mẹ́ta péré ni 5%. Ẹ má fi èsì ọdún kan ṣoṣo pinnu. Ọdún mẹ́ta ni kí ẹ wò.

Mi ò sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ náà dára o. Mi ò dé ibẹ̀ rí, ó sì lè jẹ́ pé ìlà rẹ̀ ti dúró lóòótọ́. Ìjọba Georgia ń gbé èsì kan tí wọ́n fi ń díwọ̀n ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan jáde, tí wọ́n ń pè ní CCRPI. Ẹ fojú fo Content Mastery (ibi tí àwọn ọmọ dúró sí) níbẹ̀, kí ẹ lọ sí apá tí wọ́n kọ Progress (bí wọ́n ti ń tẹ̀síwájú) sí. Lẹ́yìn náà, ẹ gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ lọ bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹ bi í léèrè iye olùkọ́ ìṣirò tí ó ti fi ibẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọdún méjì, nítorí àìtó olùkọ́ jẹ́ àrùn tí ń yọ ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko lẹ́nu. Ẹ bi í bóyá ọmọ lè ṣe Algebra 1, ìṣirò tí wọ́n sábà ń ṣe ní kíláàsì 9, ní kíláàsì 8. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè bóyá wọ́n lè ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì lábẹ́ Georgia Virtual School ti ìpínlẹ̀. Ẹ mú èsì Milestones ti kíláàsì 5 àwọn ìbejì dání, kí olùdámọ̀ràn ibẹ̀ fi pín wọn sí kíláàsì tí ó yẹ wọ́n kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé.