Èsì: Ṣé àṣẹ ìgbélùú Ìlú Ọba tó fún Malta?

Rárá o, ẹ̀gbọ́n, àṣẹ tí ẹ fi ń gbé Ìlú Ọba nìkan kò tó láti fi wọ Malta. Níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ń lò, físà Schengen (físà kan náà tí Faransé àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù mìíràn jọ ń lò) lẹ máa fi wọ Malta. Láti 2007 ni erékùṣù yẹn ti wà nínú Schengen.

Àmọ́ físà Faransé tí ẹ ní ó ṣì wà lọ́wọ́ yín yẹn lè gbé yín débẹ̀, bí wọ́n bá kọ MULT sí i (ìyẹn ni pé ẹ lè fi wọlé lọ́pọ̀ ìgbà), tí ọjọ́ rẹ̀ ò sì ní tán kí ẹ tó padà. Ẹ ka ọjọ́ yín dáadáa: ọjọ́ 90 ni wọ́n fún èèyàn láàárín ọjọ́ 180, iye tí ẹ ti lò ní Paris sì wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ 01 (ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo) ni wọ́n kọ, tí ẹ sì ti fi wọlé lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí nìyẹn.

Bó bá wá di pé ẹ máa gba tuntun:

1. Láti Ìlú Ọba níbẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè, ó pẹ́ tán, kó ku ọjọ́ 15 sí ìrìn àjò. Owó rẹ̀ jẹ́ €90.
2. Ìnṣọ́ránsì ìrìn àjò tó kájú €30,000.
3. Páásípọ́ọ̀tù tí kò tíì pé ọdún 10 tí wọ́n ṣe é, tó sì máa lò tó oṣù 3 sí i lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò níbẹ̀.

Ọmọ yín tó ń lo páásípọ́ọ̀tù Ìlú Ọba ò nílò físà ní tiẹ̀. Ẹ ṣáà má tíì ra tíkẹ́ẹ̀tì tí wọn kì í dá owó rẹ̀ padà.