Ẹ jẹ́ kí òǹtajà tú ẹ̀yìn aago yẹn kí ẹ tó sanwó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Ẹ ní aago Faransé àtijọ́ ni, irú èyí tí àwọn òyìnbó máa ń gbé sórí pẹpẹ òkè ibi ìdáná, pé ère obìnrin kan jókòó lórí rẹ̀, gbogbo ara rẹ̀ ń dán bíi wúrà. Ẹni tó ń tà á ní bronze pọ́ńbélé ni, pé ọdún 1855 tí wọ́n ṣe é wà lára rẹ̀, ó sì ń gba £420. Ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Bàbá ní Ìjẹ̀bú Òde fún ọgọ́rin ọdún wọn. Ẹ̀bùn tó yẹ àgbà ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ fún yín yìí gẹ́lẹ́ ni wọ́n sọ fún èmi náà, owó ńlá ni mo sì fi kọ́gbọ́n níbẹ̀.

Lọ́dún 2016, ní Kent, ni mo ra tèmi, níbi gbàǹjo. Bàbá òyìnbó kan tí mo ń tọ́jú nílé rẹ̀ nígbà yẹn ní irú rẹ̀, ó sì pẹ́ tí ohùn aago yẹn ti wà létí mi. Nígbà tí owó tèmi dé £380 tí ẹnikẹ́ni ò nawọ́ mọ́, inú mi dùn débi pé mi ò rántí pé àwọn onígbàǹjo ṣì máa gba owó tiwọn lé e lórí. Mo fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé e, mo gbé e sẹ́yìn mọ́tò bó ṣe wà, ó di ilé. Mo wáìn ín. Kò dún ju bí ìṣẹ́jú kan lọ tó fi dákẹ́.

Bàbá kan tó ń tún aago ṣe ládùúgbò wa ló tú ẹ̀yìn rẹ̀ níṣojú mi. Àmì roboto kan wà lára idẹ pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì náà: Vincenti, Médaille d'argent, 1855. Mo nàka sí i, mo ní ọdún tí wọ́n ṣe é nìyẹn. Bàbá ní rárá. Ọdún tí ilé iṣẹ́ yẹn gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà níbi ìpàtẹ ńlá ìlú Paris ni, wọ́n sì ń lu òǹtẹ̀ yẹn mọ́ ẹ́ńjìnnì wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Ohun kan ṣoṣo tí 1855 lè jẹ́rìí sí ni pé aago náà ò lè dàgbà ju ọdún yẹn lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti S. Marti, ilé iṣẹ́ mìíràn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì aago, tí ẹ lè bá 1889 tàbí 1900 lára tirẹ̀: ọdún ìpàtẹ ní Paris ni àwọn náà. Orúkọ tó bá sì wà lójú aago níwájú, lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó tà á ni. Apá ìlà oòrùn Faransé, ní Montbéliard àti Beaucourt lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ Japy Frères, ni ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì wọ̀nyí ti wá, kí àwọn ará Paris tó parí iṣẹ́ lára wọn, kí wọ́n sì tó fi wọ́n sínú ilé aago.

Ẹ tún wo òkè nọ́ńbà 12 lójú rẹ̀. Bí ihò kékeré kan bá wà níbẹ̀, tí irin tín-ín-rín ń yọjú nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú kó yára tàbí kó falẹ̀. Iṣẹ́ àwọn Brocot, ìdílé aláago kan ní Paris, ni, kò sì tíì dé ṣáájú nǹkan bí ọdún 1840. Àwọn tó dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, okùn sílíìkì ni wọ́n fi so pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù wọn rọ̀. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní ayé Napoleon Kìíní ni wọ́n ti ṣe aago tí ihò yìí wà lójú rẹ̀, ẹ béèrè dáadáa.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ère náà. Bàbá tó ń tún aago ṣe yẹn dà á dojú bolẹ̀ sórí tówẹ̀lì, ó fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ha kọ̀rọ̀ kan nínú ìdí rẹ̀, níbi tí ojú èèyàn ò lè dé. Ká ní bronze ni, ibi tó ha yẹn ìbá pọ́n bí idẹ. Àwọ̀ eérú ló yọ, funfun bíi páànù tí wọ́n fi ń bolé. Spelter ni wọ́n ń pè é, síǹkì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n wá fi wúrà fẹ́lẹ́ kùn ún lára. Mo sì ti fi ọṣẹ tí wọ́n fi ń nu idẹ nù ún kí n tó gbé e lọ síbẹ̀, kó lè dán sí i. Gbogbo wúrà ejìká ère náà ló bá ìnuwọ́ lọ, títí dòní ni ibẹ̀ funfun. Ẹ má fi irú ọṣẹ yẹn kan wúrà ayé àtijọ́ láé, ì báà jẹ́ bronze ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Ojúlówó tí wọ́n fi wúrà bò láyé ọjọ́un, mẹ́kúrì ni wọ́n fi ń po wúrà náà, wọ́n á fi pa bronze lára, wọ́n á wá yá a níná kí mẹ́kúrì lè gbẹ kúrò, kí wúrà nìkan sì kù. Èéfín rẹ̀ pa àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn ní rèwerèwe. Mo máa ń rántí wọn nígbàkúùgbà tí mo bá rí ọ̀kan.

Mi ò sọ pé spelter ò dáa o. Ẹ́ńjìnnì kan náà ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, aago tó lè pẹ́ nílé ni. Owó bronze tí wọ́n ń gbà lórí spelter ni ẹjọ́ mi.

Ẹ wá wo pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, irin tó ń fì sọ́tùn-ún fì sósì yẹn. Àwọn Faransé máa ń lu nọ́ńbà aago sára idẹ ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, wọ́n á sì tún lu nọ́ńbà yẹn kan náà sẹ́yìn pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù rẹ̀. Tèmi, 3172 ló wà lára ẹ́ńjìnnì, 608 ló wà lára pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù. Pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù aago ẹlòmíràn ni wọ́n fi kọ́ ọ. Nọ́ńbà kékeré méjì tún wà nísàlẹ̀, 5 àti 6: gígùn pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù tó tọ́ sí i ni, ìwọ̀n márùn-ún ààbọ̀ nínú ìwọ̀n Faransé àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní pouce (méjìlá ni wọ́n ń pín pouce kan sí, 6 sì jẹ́ ààbọ̀ rẹ̀), nǹkan bíi mìlímítà 149. Èyí tí wọ́n fún mi kúrú sí i, ìyẹn ló fi jẹ́ pé lẹ́yìn àtúnṣe pàápàá, ogún ìṣẹ́jú ló fi ń sáré lójúmọ́ títí a fi rí òmíràn tó bá a mu.

Ohun tó sì jẹ́ kó dákẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, èmi ni mo fà á. Mi ò yọ pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù kúrò kí n tó gbé e sínú mọ́tò. Irin pẹlẹbẹ kan tó fẹ́lẹ́ bí abẹ ìfárí ni wọ́n fi gbé e rọ̀. Gbágá-gbágá ojú ọ̀nà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a sí méjì. £210 ni àtúnṣe gbogbo rẹ̀ jẹ. Bàbá sì sọ fún mi láìfi bò pé bí mo bá tà á lọ́jọ́ yẹn, owó rẹ̀ ò ní tó ìdajì ohun tí mo ti ná.

Nítorí náà, bí ẹ bá délé ìtajà, ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí tábìlì tó tẹ́jú, kí wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan gbáko níṣojú yín. Ẹ fetí sí i. Ìró rẹ̀ gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bó bá ń dún bí ẹni tó ń tiro, ó lè jẹ́ pé kò dúró dáadáa ni, ó sì lè jẹ́ pé inú rẹ̀ ti jẹ. Ẹ dúró kó lu wákàtí, kó sì lu ààbọ̀. Nínú èyí tó dàgbà nínú wọn, kẹ̀kẹ́ kan ló wà lẹ́yìn tó ń ka iye ìgbà tó máa lù, kò sì mọ ibi tí ọwọ́ aago wà, ó kàn ń kà á lọ ni. Bí ẹ bá yí ọwọ́ aago kọjá láìjẹ́ kó lù tán, ó ti ṣì í kà nìyẹn. Mẹ́jọ ni tèmi ń lù ní aago márùn-ún. Ẹ sì sọ fún Bàbá ní Ìjẹ̀bú ṣáájú pé ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń lu gbogbo ààbọ̀, kí wọ́n má baà rò pé ó bàjẹ́ bí wọ́n bá gbọ́ ẹyọ kan ní aago méjìlá ààbọ̀, ẹyọ kan ní aago kan, àti ẹyọ kan ní aago kan ààbọ̀.

Bí bronze bá jẹ́ òótọ́, tí nọ́ńbà méjèèjì sì bára mu, £420 ò pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ spelter, ẹ má kọjá £150, bí ó ti wù kó rẹwà tó. Bí òǹtajà náà bá sì kọ̀ láti ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dì í fún ọkọ̀ òkun, ẹ yọ pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, ẹ wé e lọ́tọ̀, kọ́kọ́rọ́ náà lọ́tọ̀. Kí ẹni tó bá máa gbé e kalẹ̀ ní Ìjẹ̀bú má gbé e sórí tábìlì tẹlifíṣọ̀n tó ń mì. Pẹpẹ tí wọ́n kàn mọ́ ògiri ló dáa. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni Bàbá máa wáìn ín, ihò méjèèjì, ọ̀kan fún rírìn rẹ̀, ọ̀kan fún lílù rẹ̀.

Bí ẹ bá dé ilé ìtajà náà ní Sátidé, ẹ ya fọ́tò mẹ́ta fún mi: ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yìn pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù, àti inú ìdí ère náà níbi tí wọ́n bá ti ha á. Mo máa wò wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà.