Ìwé màmá mi tí mo mú láì gbàṣẹ: báwo ni mo ṣe fẹ́ rí i padà?

Ẹ̀yin àǹtí wa,

Oṣù mẹ́ta sí àsìkò yìí ni màmá mi máa pé ẹni 70 ọdún. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 14, mo yọ ìwé ìtàn ìfẹ́ kan nínú àpótí wọn láì gbàṣẹ. Bàbá mi ló rà á fún wọn lọ́dún 1974 nígbà tí wọ́n ń fẹ́ra sọ́nà, bàbá mi sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan sí ojú ewé àkọ́kọ́. Mi ò tíì kà á dé ìdajì tí mo fi yá ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì. Bó ṣe lọ nìyẹn. Nígbà tí màmá mi wá a tì, mo ní mi ò rí i, wọ́n sì gbà pé ìgbà tá a kó kúrò nílé àtijọ́ ló sọnù.

Bàbá ti di olóògbé. Lóṣù tó kọjá, màmá mi kàn déédéé sọ pé, "Ìwé tí bàbá rẹ rà fún mi yẹn, mo ṣì ń rò ó." Itọ́ gbẹ lẹ́nu mi.

Mo fẹ́ wá òmíràn fún wọn lọ́jọ́ ìbí yìí, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n fura. Ohun tí mo rántí ò pọ̀: nọ́ọ̀sì kan wọ ọkọ̀ ojú omi, ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí iná ti jó lọ́wọ́ òsì, àpò ló máa ń ki ọwọ́ náà bọ̀, aṣọ aláwọ̀ ewé ló wà lọ́rùn obìnrin tó wà lára èèpo ìwé, "ọkàn" sì wà nínú àkọlé rẹ̀. Mo ti wá a lórí Google títí ojú fi ń ro mí. Mo rí ọ̀kan tó fẹ́ jọ ọ́, àmọ́ àwòrán iwájú rẹ̀ yàtọ̀, mo bá pa á tì. Kí ni kí n ṣe?

Ajíwèé

Àbúrò mi Ajíwèé,

O kú ẹrù tó o ti ń rù bọ̀ láti ọmọ ọdún 14. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, mo mú bírò, mo fẹ́ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ẹni tó o ti bi léèrè nípa ìwé yìí. Bírò mi ò kan pépà. Google nìkan lo bi. Bẹ́ẹ̀ èèyàn méjì wà láyé tó ṣeé ṣe kí wọ́n mọ àkọlé ìwé yẹn dáadáa: màmá tó ni ín, àti ọ̀rẹ́ tó gbé e lọ. Sókótó lo dojú kọ, o ò tíì fọwọ́ kan àpò ṣòkòtò.

Mo mọ ohun tó fà á. Bó o bá bi ọ̀rẹ́ rẹ, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Bó o bá bi màmá rẹ, ó ti tú tán nìyẹn. Àṣírí tó ò ń bò mọ́lẹ̀ ló jókòó lé ìwé náà lórí.

Ti ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ bẹ̀rẹ̀. Pè é, kó o sì fi ẹ̀sùn sílẹ̀ sílé. Bó o bá ní "ìwé mi tí o ò dá padà lọ́jọ́sí", orí ìlà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara rẹ̀, kò sì ní í rántí ohunkóhun. Sọ pé: "Ǹjẹ́ o rántí ìwé nọ́ọ̀sì inú ọkọ̀ tí mo yá ọ nígbà tá a wà níléèwé? Ìwé màmá mi ni, bàbá mi kọ nǹkan sínú rẹ̀. Jọ̀ọ́, bá mi wo inú àwọn páálí àtijọ́." Ó lè má sí lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kì í jókòó sójú kan. Ẹni tó bá kà á tán á yá ẹlòmíràn, títí tí èèpo á fi bọ́ kúrò lára rẹ̀. Béèrè ẹni tí òun náà yá. Bí ìwé ò bá tilẹ̀ sí mọ́, ṣé o rí i, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rẹ́ rẹ ti kà á parí. Ìwọ ò kà á dé ìdajì. Orúkọ nọ́ọ̀sì yẹn, èbúté tí wọ́n gúnlẹ̀ sí, bí ìtàn ṣe parí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ lè wà.

Bó bá wá rí i, kódà kí èkúté ti jẹ etí rẹ̀, kí ojú ewé mẹ́wàá ti já, gbà á bẹ́ẹ̀. Pépà olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìfẹ́ nígbà yẹn ní ásíìdì nínú, ìdí nìyẹn tó fi máa ń pọ́n, tó sì ń ṣẹ́ bí ewé gbígbẹ. Mo bẹ̀ ọ́, má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ á pọ́n tó bá yá, á sì mu wọ inú pépà. Ojú ewé tí bàbá rẹ kọ nǹkan sí ló ṣeyebíye jù nínú ìwé náà, òun náà sì ni ọwọ́ ń kàn jù.

Ní ti màmá rẹ, ibẹ̀ ni mi ò ti gbà pẹ̀lú rẹ. O ní o ò fẹ́ kí wọ́n fura. Jẹ́ ká wo bí ọjọ́ náà á ṣe rí. O gbé ẹ̀bùn kalẹ̀, wọ́n tú u, ẹnu yà wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, ọwọ́ wọn nìkan á ti ṣí èèpo, á máa wá ojú ewé àkọ́kọ́. Òfìfo. Tàbí kó burú jù bẹ́ẹ̀, torí àlòkù ni, kí orúkọ ẹni ẹlẹ́ni wà níbẹ̀. Wọ́n á gbójú sókè wò ọ́, wọ́n á ní, "Báwo lo ṣe mọ̀ pé èyí ni?" Wàá wá irọ́ kejì pa, lójú gbogbo èèyàn, lọ́jọ́ tí wọ́n pé ẹni 70 ọdún. Ǹjẹ́ ìyẹn wá jẹ́ ẹ̀bùn? Gbèsè ni wàá máa fi ọgbọ́n san, tí ẹni tó o jẹ ò sì mọ̀ pé wọ́n ń san án.

Jẹ́wọ́ kó tó dọjọ́ náà, kó ku ọ̀sẹ̀ méjìlá ni mo tiẹ̀ fẹ́, torí ìdí méjì. Àkọ́kọ́, kí wọ́n lè ráyè bínú dáadáa kí wọ́n sì sinmi. Èkejì, kí o lè gba àkọlé ìwé lẹ́nu wọn! Ìwé tí ọ̀rẹ́kùnrin rà fúnni nígbà ọ̀dọ́, tó ti wà nínú àpótí látọjọ́ náà, èèyàn kì í ṣàdédé gbàgbé orúkọ rẹ̀. Lọ bá wọn nígbà tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan bá wà nílé, kúnlẹ̀, kó o sì jẹ́ kó ṣe ṣókí. "Màmá, èmi ni mo mú ìwé tí bàbá rà fún yín. Mo yá èèyàn, kò padà, ẹ̀rù bà mí, mo purọ́. Ẹ má bínú." Má sọ pé ọmọdé ló ń ṣe ẹ́, jẹ́ kí àwọn fúnra wọn sọ ọ́. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, ó dáa. Bí wọ́n bá dákẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ó dáa náà, má máa tẹ̀ lé wọn kiri inú ilé. Nígbà tí ara bá rọ̀ wọ́n, béèrè ohun tí bàbá kọ síbẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé wọ́n mọ̀ ọ́n sórí.

O lè ní ó ti bà á jẹ́, wọ́n á ti mọ ohun tí mo fẹ́ fún wọn. Wọ́n á mọ̀ pé ò ń wá a. Wọn ò ní í mọ̀ bóyá wàá rí i. Ìyàlẹ́nu tó kù síbẹ̀ tó ènìyàn.

Bó bá wá jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ò mọ nǹkan kan, tí màmá náà sì ti gbàgbé, ìgbà yẹn la tó ń bọ̀ sórí ìwákiri. Kó o tó tún ṣí fóònù rẹ, jókòó kó o kọ gbogbo ohun tó o rántí sílẹ̀, torí bó o bá ti wo èèpo ìwé ogún, wọ́n á wọlé sínú ìrántí rẹ, o ò sì ní í mọ tìẹ yàtọ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà, ohun tó dá ọ lójú jù ni kó o kọ́kọ́ fura sí. Mo ti jìyà ẹ̀. Mo wá ìwé kan fún odidi ọdún kan pẹ̀lú orúkọ obìnrin inú rẹ̀, mo lè fi orí mi búra lórí orúkọ yẹn. Nígbà tí ìwé dé ọwọ́ mi, ajá ilé ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Wo ọ̀rọ̀ "ọkàn" yẹn. Ìwé ìfẹ́ wo ni ò ní ọkàn nínú àkọlé? Àkọlé kì í sì í ṣe ohun tí òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ń dáàbò bò, nítorí náà òǹkọ̀wé mẹ́ta lè lo ẹyọ kan náà, kí wọ́n má sì jẹ gbèsè. Aṣọ aláwọ̀ ewé ńkọ́? Mills & Boon, ilé tó ń tẹ ìwé ìfẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní London lọ́dún 1908, àti Harlequin tó bẹ̀rẹ̀ ní Kánádà lọ́dún 1949, jọ ń tẹ ìtàn kan náà fún ọ̀pọ̀ ọdún, Harlequin sì ra Mills & Boon lọ́dún 1971. Ìtàn kan lè jáde níhìn-ín pẹ̀lú àwòrán kan, kó jáde lọ́hùn-ún pẹ̀lú òmíràn, kí nọ́ńbà ara rẹ̀ náà yàtọ̀, kí wọ́n tún wá dì í mọ́ ìtàn méjì mìíràn nínú ìwé kan ṣoṣo lẹ́yìn ọdún mélòó kan. O ò sọ ilé tó tẹ tìẹ. Àmọ́ èyí tó o pa tì nítorí àwòrán, padà lọ síbẹ̀ lónìí. Ó lè jẹ́ òun gan-an ló pààrọ̀ aṣọ.

Ohun méjì ni mo gbẹ́kẹ̀ lé nínú gbogbo ohun tó o sọ. Ọ̀kan ni ọdún 1974. Bí bàbá rẹ bá rà á lọ́dún yẹn, gbogbo ìwé tó kọ́kọ́ jáde lẹ́yìn rẹ̀ ti kúrò nínú ọ̀rọ̀, ìyẹn sì fọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún dànù fún ọ lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì ni ọwọ́ òsì tí iná jó, tó máa ń wọ àpò. Èèyàn kì í ṣàdédé fi orí ara rẹ̀ hùmọ̀ irú ìyẹn. Nọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú omi ò tó, ìtàn nọ́ọ̀sì pọ̀ bí iyanrìn.

Ọwọ́ jíjóná yẹn ni kó o gbé lọ sí Internet Archive, níbi tí wọ́n ti ya àìmọye ìwé àtijọ́ sórí ẹ̀rọ. Àpótí ìwákiri wọn lè wá inú ìtàn fúnra rẹ̀, kì í ṣe àkọlé nìkan. Bọ́tìnnì rẹ̀ wà níbẹ̀, o gbọ́dọ̀ yàn án. Google Books náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìlà díẹ̀ ló sì máa ń fi hàn ọ́ nínú ìwé tí ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ṣì wà lórí rẹ̀. Fi àmì àyọlò yí gbólóhùn ká, ní èdè tí wọ́n fi kọ ìwé náà, kó o sì gbìyànjú ọ̀nà mẹ́fà méje tí òǹkọ̀wé lè gbà sọ̀rọ̀ nípa àpá iná. Bó o bá fẹ́ olùrànlọ́wọ́, àwọn tó ń fi ìdúnnú wá ìwé tí orúkọ rẹ̀ sọnù fún ẹlòmíràn wà ní ìkànnì Goodreads àti Reddit, orí kunkun wọn sì dára. Sọ ọdún tí wọ́n rà á, bí o ṣe kà á, ohun tó dá ọ lójú àti ohun tí ò dá ọ lójú. Bó o bá ti rí orúkọ kan dì mú, WorldCat, àkójọ ìwé inú àwọn ilé ìkàwé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á sọ ilé ìkàwé tó ní in fún ọ. Má sì jẹ́ kí orúkọ òǹkọ̀wé dè ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní orúkọ àdàpè méjì mẹ́ta.

Nígbà tó bá kan rírà, ní kí ẹni tó ń tà á ya fọ́tò méjì fún ọ: ẹ̀yìn ojú ewé àkọlé níbi tí ọdún ìtẹ̀jáde wà, àti ojú ewé tí orí kìíní ti bẹ̀rẹ̀. Má gbẹ́kẹ̀ lé ISBN, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé mọ̀, nìkan. Ọdún 1970 ló di ìlànà gbogbo ayé, ìwé tìẹ lè má ní in rárá. Bó bá sì ní in, iye díjíìtì rẹ̀ ò lè kọjá 10, torí ọdún 2007 ni wọ́n tó sọ ọ́ di 13. Ẹni tí kò bá lè ya fọ́tò méjì, fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Má sì fi ṣe ọ̀la, oṣù kan péré ni ọ̀pọ̀ irú ìwé yìí máa ń lò lórí pẹpẹ ilé ìtàwé nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kí wọ́n tó kó o kúrò. Nígbà tí wọ́n ń ṣe títì M6 Toll ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí wọ́n ṣí lọ́dún 2003, nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀ ìwé Mills & Boon àtijọ́ ni wọ́n lọ̀ mọ́ ohun tí wọ́n fi tẹ́ ẹ. Gbogbo ẹni tó fẹnu ko ara wọn lẹ́nu lójú ewé tó kẹ́yìn, abẹ́ táyà ni wọ́n wà báyìí.

Ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé tuntun yẹn, má kọ nǹkan kan síbẹ̀. Má fara wé ìkọ̀wé bàbá rẹ, bó ti wù kí inú rere sún ọ tó. Màmá ló ni ojú ewé náà, bí wọ́n bá fẹ́ kó kún, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀.

Kó o tó di í, jókòó sórí àga níbi tí iná wà, kó o kà á parí. Kọ̀wé sí mi lẹ́yìn náà. Láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà rẹ ni mo ti ń rò ó kí ló jó ọkùnrin yẹn lọ́wọ́.